Ikọ́ Tí Mo Yá Wú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Ẹ kú àjò o. Màmá ń kí yín, bàbá náà ń kí yín láàárín ikọ́. Ara àwa yòókù le, àfi inú mi tí kò dùn.

Mo da ata sínú súwíìtì atalẹ̀ tí èmi àti ìyá àgbà ń ṣe fún ikọ́ bàbá, mo ní ṣebí ata lata ń jẹ́. Ni ìyá àgbà bá lé mi nídìí ewé tí a fi ń po oògùn lẹ́yìnkùlé. Àbígbẹ̀yìn wa ló ń bá wọn po oògùn ikọ́ báyìí. Wọ́n tún ń pè é ní "dókítà mi", orúkọ tèmi!

Lánàá, mo wúkọ́ kí wọ́n lè pè mí.

Ìyá àgbà ní, "Ikọ́ bàbá ẹ nìyẹn. Lọ wú tìẹ wá!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wúkọ́ fún wọn lórí fóònù, kẹ́ ẹ ní oògùn ọwọ́ mi lẹ fẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wú tòótọ́.

Èmi àbúrò yín,
Dókítà àná