Lẹ́ńsì Tí Ẹ Gbá Mọ́ Àyà

Bàbá mi, ẹni tí mo ń pè tí kò dá mi lóhùn mọ́,

Mo ti lọ ya fọ́tò ẹgbẹ́ akọrin Ìjẹ̀gùn, èyí tí ẹ ń lọ yà lọ́jọ́ tí ọ̀kadà yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọlọ́kadà tó gbé yín sọ fún wa pé ẹ ò di nǹkan kan mú. Lẹ́ńsì ńlá ti kámẹ́rà yín lẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbá mọ́ àyà. Orí yín ló kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́ńsì ò tiẹ̀ họ.

Kí ló dé tí ẹ ò jù ú nù?

Lẹ́ńsì méjì la ní, ńlá yìí àti kékeré kan. Àwọn méjèèjì wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí ẹ ti máa ń fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì yín nù wọ́n. Ńlá wúwo bí ọmọ ọlọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kárí fíìmù kámẹ́rà onígi wa láti igun dé igun. Kékeré wọ àpò, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ kì í dé igun. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn. Ẹ kórìíra ìyẹn. Lójú yín, ẹni tó wẹ̀, tó wọṣọ, tó wá dúró síwájú yín, kò yẹ kó pòórá.

Ńlá ni mo fẹ́ gbé. Màmá dínà mọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ìyẹn kọ́ jàre. Ó ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi.”

Mo fi kékeré sápò.

Ní Ìjẹ̀gùn, mo ní kí wọ́n sún mọ́ra gan-an, mo to àwọn kan sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, mo sì dín ojú lẹ́ńsì kù tín-ín-rín kí igun lè mọ́ díẹ̀ sí i, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Síbẹ̀, nígbà tí mo fọ fọ́tò, màmá àgbàlagbà tó jókòó sí ìpẹ̀kun kò hàn tán: gèlè àti etí kan péré. Tìtìjútìtìjú ni mo fi gbé e lọ bá màmá náà. Wọ́n wò ó pẹ́.

“Èmi náà nìyí,” wọ́n fi ìka kan gèlè inú fọ́tò náà. “Ọmọ mi, ṣé o délé ire lọ́jọ́ tí o wá yà wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó tó.”

Láti ìgbà náà ni inú ti ń bí mi sí yín, Bàbá. Ẹ ò fẹ́ kí igun fọ́tò ṣókùnkùn. Àwa ńkọ́? Màmá wa ṣì ń pọn omi ìwẹ̀ yín sí gáráwá láràárọ̀. Tí wọ́n bá rántí pé ẹ ò sí mọ́, wọ́n á fi fọ ilẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tìbínútìbínú.