Ilẹ̀ Olójèé Tí A Gbá Mọ́ ní Òkè-Àgbàn

Ẹgbẹ́ Obìnrin Òkè-Àgbàn,
Lẹ́bàá Ayewa, Kábà/Bùnú,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2024.

Ọ̀gá Àgbà,
Ìgbìmọ̀ Àtúnṣe Ilẹ̀ Ìwakùsà,
Lọ́kọ́jà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÀYẸ̀WÒ ỌGBÀ Ẹ̀FỌ́ Ẹ̀YÌN ILÉ WA ÀTI ÀWỌN TÓ JẸ NÍNÚ RẸ̀

Mo gba lẹ́tà yín, nínú èyí tí ẹ ti sọ pé iṣẹ́ àtúnṣe ilẹ̀ kùsà wa ti dópin nítorí pé àwa ará ìlú fọwọ́ ara wa bà á jẹ́. Òótọ́ ni pé ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Ohun tí lẹ́tà náà kò sọ ni ẹni tó ní kí a ṣe é.

Àwọn tó wa òjé ní ilẹ̀ kùsà náà ti lọ tipẹ́, koríko kò sì hù dáadáa lórí ilẹ̀ náà mọ́. Ní oṣù Kẹrin, Ọ̀gbẹ́ni Thomas, òṣìṣẹ́ yín, kó ìgbẹ́ adìẹ, èèpo ẹ̀gẹ́, eérú àti lẹ́búlẹ́bú òkúta láti ibi ìfọ́kúta wá, ó sì rò wọ́n pọ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. Ó ṣàlàyé ní ààfin pé àwọn nǹkan tí ayé ń dà nù yìí yóò di òjé, tó jẹ́ májèlé, mú sínú ilẹ̀ kí ewéko má baà fà á mu, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ kúrò. Àlàyé náà dára. Àwọn ọkùnrin nìkan ló gbọ́ ọ, nítorí ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ìpàdé sí. Nígbà tí a dé, a bi àwọn ọkọ wa ní ohun tí àlejò náà bá wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.

Ní oṣù Kẹfà, lẹ́tà yín dé pé ẹ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí àwọn obìnrin kó gbogbo ìdọ̀tí kúrò níbikíbi tí Ọ̀gá Àgbà yóò fẹsẹ̀ tẹ̀. A yẹ ọ̀nà yín wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tó dọ̀tí jù ni ilẹ̀ kùsà: èèpo ẹ̀gẹ́ ń jẹrà, ìgbẹ́ adìẹ ń rùn, eṣinṣin bò ó. A gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, a ha á títí a fi kan ilẹ̀ pupa, a sì fi ìgbálẹ̀ parí rẹ̀. Mo ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, n kò sì rí ilẹ̀ tí wọ́n gbá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ dé, ẹ sì yìn wá fún ìmọ́tótó. Lẹ́yìn náà ni ẹ bèèrè pé iṣẹ́ tí ẹ wá wò dà. Ọ̀gbẹ́ni Thomas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó bi wá ní ibi tí a kó ìdọ̀tí náà sí. Ẹ̀yin Ọ̀gá, obìnrin Bùnú kì í da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà nù. A pín in. Oníkálukú ru tirẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tó hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gbogbo ilé ló sì jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ padà wá ní oṣù Kẹjọ láti ti fáìlì pa, a gbé ìdì tẹ̀tẹ̀ ńlá kan sẹ́yìn ọkọ̀ yín. Ẹ ránṣẹ́ pé ó dùn. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ ibi tó ti wá.

Ní oṣù tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Thomas, tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yà kí wa, ó sì rí àwọn ọgbà náà. Ó ní erùpẹ̀ olójèé ni a ha pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí. A fa gbogbo ẹ̀fọ́ tu lọ́jọ́ yẹn gan-an. Mo kọ̀wé sí yín. Èsì yín ni pé àwọn ọgbà wa kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má bínú, òjé kò mọ àwòrán kà. Inú bí mi púpọ̀ sí èsì yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ rán ẹni tí yóò yẹ erùpẹ̀ ọgbà wò àti ẹ̀jẹ̀ àwa tí a jẹ ẹ̀fọ́ náà, kí ẹ kó erùpẹ̀ náà padà sí ilẹ̀ kùsà, kí ẹ sì dá Ọ̀gbẹ́ni Thomas padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ìyà bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, èmi ni alága. Ẹ fi jẹ mí.

Kíkẹ́lọmọ, ìyàwó ọmọ mi, ló jẹ ẹ̀fọ́ náà jù. Ó lóyún nígbà náà, èmi ni mo sì ń sè é fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Ó ti bí ọmọbìnrin báyìí. Testimony ni a sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tí a bi léèrè sọ pé ibi tí wọ́n ti ń wo òjé nínú ẹ̀jẹ̀ jìnnà sí wa. Bí ọmọ bá ti sunkún, Kíkẹ́lọmọ á kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó fún un lọ́mú. Ẹ sọ ohun tí n ó wí fún un.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín, tí mo ń retí èsì,

Yéjídé Lájídé (Ìyáàfin),
Alága, Ẹgbẹ́ Obìnrin Òkè-Àgbàn.