Ohun Tí Mo Rí Lọ́rùn Àbúrò Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi ò bá lọ geere... Fọ́tò ni mò ń yà jẹun n'Ìkọ̀lé. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin. Tíṣà ni ọkọ tó fẹ́ fẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, gbalaja ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá wa. Èmi ni mo ya fọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà. Kámẹ́rà dìjítà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yìí, ọ̀nà méjì ló ń gbà tọ́jú fọ́tò kan náà. Ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á ti tún un ṣe, á mú ara dán, á jẹ́ kí ibi tó dúdú dú sí i. Èkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní raw, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, ìwọ lo máa jókòó ti kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Ti kámẹ́rà rẹwà, àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló ṣókùnkùn. Mo wá ṣí raw, mo ní kí n kàn tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀... Olúwa mi o! Àpá ìka èèyàn ni mo rí lọ́rùn rẹ̀, lábẹ́ pọ́dà. Mo ní bóyá òjìji ni, mo dín ìmọ́lẹ̀ kù, mo tún fi kún un, kò lọ.

Mo pè é wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi hàn án. Kò sunkún. Mo ní ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí? Ó ní, "Àǹtí mi, ti kámẹ́rà ni kí ẹ lò. Ẹ má sọ n'ulé o, ọkọ mi ti bẹ̀ mí." Bó ṣe jáde nìyẹn.

Lánàá, ọkọ fúnra rẹ̀ wá gba fọ́tò. Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kó rẹwà gan-an." Èmi ò lè wo ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ni mò ń wò...

Láti ìgbà náà, bí mo bá di ojú, ọrùn yẹn ni. Bàbá wa ti pe gbogbo ẹbí, títí kan àwọn ará Òsì. Bí mo bá sọ, àbúrò mi á ní òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Bí mi ò bá sọ ńkọ́? Tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kan pé kí n wá wò ó? Raw yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ṣé kí n gbé e lọ bá bàbá wa ni? Àbí kí n kọ́kọ́ ko ọkùnrin yẹn lójú? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò obìnrin, kí lẹ máa ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn kí Sátidé tó pé.