Ẹ Má Pa Ohùn Leah Rẹ́ Nínú Káàdì Kámẹ́rà

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ìlú Ọ̀yọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò àti Ìbáwí,
Ẹgbẹ́ Eré Ọkọ̀ Ọ̀yọ́ òun Ògbómọ̀ṣọ́,
Ẹ̀bá Takie,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ KÁMẸ́RÀ MÉJÌ TÍ Ẹ GBÀ LÁRA ỌKỌ̀ MI, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ PA OHUN TÓ WÀ NÍNÚ KÁÀDÌ Ọ̀KAN NÍNÚ WỌN RẸ́

1. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú àmójútó pápá. Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ yín láti ìgbà tí ẹ ti kọ́kọ́ da ọ̀dà sí pápá eré ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ rẹwáyà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Iná ọkọ̀ ni mo ń tún ṣe. Píjó funfun tó ní ìlà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni tèmi. Bàbá Rẹwáyà ni gbogbo yín ń pè mí, bóyá ni ẹ sì mọ orúkọ mi gan-an. N kò bínú sí i. Orúkọ náà yóò wúlò nígbà tí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi.

2. Lẹ́tà yín ti oṣù tó kọjá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní àìbìkítà mi ló jẹ́ kí kámẹ́rà já lórí pápá, pé kámẹ́rà kéékèèké méjì tí ẹ gbà lára ọkọ̀ mi ti di ti ẹgbẹ́, pé ẹ ó pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì wọn rẹ́, ẹ ó sì fi wọ́n ya eré ìparí ọdún. Mo fẹ̀hónú hàn pé ìdájọ́ yín kò tọ́, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má fi àkókò yín ṣòfò: ẹ máa mú àwọn kámẹ́rà náà lọ. Káàdì tó wà nínú èyí tí mo lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ohùn Leah ìyàwó mi wà nínú rẹ̀, Leah sì ti kú.

3. Leah ló ra àwọn kámẹ́rà náà fún mi ní Takie nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Wọn kò ju páálí ìṣáná lọ. Ọ̀kan ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó lè máa rí táyà àti ọ̀dà. Èkejì ni mo lẹ̀ mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó máa wo ọ̀nà láti inú gíláàsì. Bí a bá délé, a ó gbé àwòrán náà sórí tẹlifíṣàn, a ó máa wo bí mo ṣe ya kọ́nà. Leah tí kò fọwọ́ kan sítíárìn rí láyé rẹ̀ ni yóò máa sọ fún mi pé mo tètè tẹ búréèkì. Á ní kí n dá a padà sẹ́yìn kí òun tún un wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo bínú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà náà ni òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

4. Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ pápá yìí fi jẹ wá lógún. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Onítẹ̀bọmi ni Leah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, inú ìjọ ni wọ́n bí i sí. Tipátipá ni àwọn ẹbí méjèèjì fi gbà wá, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín lójú wa ni. Ọjọ́ Jímọ̀, èmi nìkan ni mo ń jáde. Ọjọ́ Àìkú, òun nìkan ló ń lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tiwa. Inú ọkọ̀ yẹn ni a ti ń jọ wà níbi kan náà láìsí ẹni tí yóò bi wá pé ta ni yóò tẹ̀lé ta ni.

5. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, ẹ ṣe Ọjọ́ Ìdílé, ẹ sì gbà kí ọkọ gbé aya sínú ọkọ̀ eré, kí aya gbé ọkọ. Kí a tó wọ pápá, Ọ̀gbẹ́ni David, òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò yín, wá síbi ọkọ̀ mi. Ó fọwọ́ fa kámẹ́rà méjèèjì, ó tún wọn fà, ó ní wọ́n dúró digbí, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gíláàsì mi. Lẹ́yìn èyí ni ìròyìn dé pé àlejò pàtàkì ti wọ ìlú. Ni àwọn òṣìṣẹ́ yín bá gbé àkísà dé, pẹ̀lú òróró tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀. Wọ́n ní àṣẹ wá láti òkè pé gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa dán kí àlejò tó kọjá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì o, dáṣíbọ́ọ̀dù o, wọn kò yọ ibì kankan sílẹ̀. Leah sọ fún wọn pé òróró kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dì mú, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yẹra fún ìdí kámẹ́rà. Wọ́n ní kí Mọ́mì fọkàn balẹ̀. Wọ́n kùn ún títí ó fi ń dán yinrin. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọkọ̀ tí ẹ ti yẹ̀ wò tán ni ẹ tún lọ fi òróró pa lára, ẹ wá ní èmi ni aláìbìkítà. Àlejò náà kò tilẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀.

6. Ní kọ́nà kẹta, kámẹ́rà orí bọ́nẹ́ẹ̀tì já, ó fò sókè, ó sì gbá gíláàsì iwájú gbàgà ní ọ̀gangan ojú Leah. Mo tẹ búréèkì. Èyí tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù yọ̀ lórí òróró, ó yí padà, ó kọjú sí Leah. Ìgbà yẹn ni Leah pariwo orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an ló pè, èyí tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ. Kò sí ẹni tó fara pa. Gíláàsì kò fọ́, kò sì sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn wa.

7. Ẹ̀yin náà ní ìyàwó nílé, ẹ mọ̀ pé aya kì í ṣàdédé pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa Leah lé mi lọ́wọ́, "Ẹ gbọ́ ná" ló ń pè mí. Nígbà tí a bí ọmọ wa kan ṣoṣo, Moyinolúwa, mo di Bàbá Moyin. Bí inú bí i, Bàbá Moyin. Bí inú rẹ̀ dùn, Bàbá Moyin. N kò gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀ rí àfi ọjọ́ náà. Mo dá ọkọ̀ dúró, mo wò ó, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Mo bi í pé ta ni ó ń pè. Ó ní ta ni òun pè? Mo ní orúkọ mi ni. Ó ní àgbẹdọ̀, ṣé òun wá di aláìnítìjú ni, Jésù ni òun pè. Mo ní a ó rí i. A jiyàn títí a fi dé ẹnu géètì. Níkẹyìn, a gbà pé kámẹ́rà ni yóò dájọ́ fún wa, pé ẹni tó bá jẹ̀bi ni yóò gún iyán ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Ẹnu géètì yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yín ti gba kámẹ́rà méjèèjì kúrò lọ́wọ́ wa.

8. Ẹ pè mí síwájú ìgbìmọ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní. N kò lè wá, nítorí Leah ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kíndìnrín rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́, n kò sì ní purọ́ mọ́ yín pé ìbẹ̀rù ọjọ́ náà ló fà á. Mo fóònù akọ̀wé yín, Arábìnrin Fọláhànmí. Ó ṣe dáadáa sí mi. Ó ní kí n tọ́jú aláìsàn ná, kí n wá nígbà tí ara bá balẹ̀. Leah ń gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, ó ní kí n tètè lọ gba kámẹ́rà mi kí ojú lè tì mí, nítorí òun kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń sọ ọ́. Inú oṣù Kejì ló kú, iyàn náà kò sì tíì parí. Àwọn ará rẹ̀ sin ín sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìlànà ìjọ wọn. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún mi, wọ́n fún mi ní àga iwájú. N kò mọ orin tí wọ́n ń kọ, mo kàn ń mi ètè.

9. Nígbà tí mo wá sí ọ́fíìsì yín lẹ́yìn náà, ẹ ní àkókò ti kọjá. Mo ní kò burú, ẹ fún mi ní káàdì nìkan. Ẹ ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni mo ni ín. Mo mú rìsíìtì wá. Ẹni tó ta ọjà náà ní Takie kò béèrè orúkọ Leah. "Mọ́mì" ló kọ síbi orúkọ oníbàárà, bí wọ́n ti ń ṣe ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ ní Mọ́mì kì í ṣe orúkọ ènìyàn, àti pé káàdì tí kò ní àmì pọ̀ nínú dúrọ́ọ̀ yín. Ẹ tún wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà oṣù tó kọjá pé èyí tó ṣeé ṣe kó jẹ́ tèmi kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí kò fi ojú ọ̀nà hàn, ìyá arúgbó kan tó lanu ló kún inú rẹ̀, pé ẹ kò tilẹ̀ ráyè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Ìyá arúgbó yẹn ni ìyàwó mi.

10. Kí n sọ tòótọ́ fún yín, mo dá wà. Moyinolúwa wà ní Kánádà. Ó ń fóònù mi déédéé, Dádì ló ń pè mí. Ní mọ́ṣáláṣí, Bàbá Rẹwáyà. Lọ́dọ̀ àwọn àna mi, Bàbá Moyin. Màámi tó máa ń fi orúkọ mi jí mi ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń fi pè mí kó tó rán mi níṣẹ́, òun náà ti lọ. Kò ku ẹnikẹ́ni tó jù mí lọ nílé wa, àwọn tí mo sì jù lọ kò jẹ́ pè é. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá dé, mo ń wa Píjó náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń yà sí itẹ́ òkú, mo ń gba ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán padà wálé. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo ṣì ń tètè tẹ búréèkì, kò sì sẹ́ni tó ń bá mi wí. Mo tilẹ̀ gún iyán náà lọ́jọ́ kan. N kò mọ ìgbà tí mo gún un tó ẹni méjì. N kò lè jẹ ẹ́.

11. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ tún ẹjọ́ mi yẹ̀ wò. Ẹ bi Ọ̀gbẹ́ni David bóyá kò fọwọ́ fa àwọn kámẹ́rà náà. Ẹ bi àwọn tó kùn wọ́n lóróró. Bí ẹ bá ṣì rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo fara mọ́ ọn. Ẹ lé mi kúrò ní pápá bí ẹ bá fẹ́, n kò ní gbé e lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ dábọ̀, ẹ fún mi ní káàdì náà kí ẹ tó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Bí òfin yín kò bá gbà kí ó kúrò ní ọ́fíìsì, ẹ jẹ́ kí n wá jókòó síwájú yín, kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré.

12. Ní ti ẹ̀rí tí ẹ ń béèrè, inú káàdì náà ló wà. Ẹ fi í sínú ẹ̀rọ, ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè, kí ẹ sì ní sùúrù títí ẹ ó fi gbọ́ ìró ohun tó gbá gíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ ó gbọ́ bí obìnrin náà yóò ṣe pariwo orúkọ kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ fi orúkọ tí ẹ bá gbọ́ wé èyí tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Bí wọn kò bá bára mu, a jẹ́ pé Leah ló jàre, n kò sì ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ ránṣẹ́ pè mí.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìhín. Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mashood Akínọlá,
Rẹwáyà tó ti fẹ̀yìn tì,
Ọkọ Leah.