Fóònù Tó Fẹ́ Jọba Lé Mi Lórí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé ọmọ-ọmọ mi ń sùn, tó sì ń jẹ́ kí ẹ̀yin náà sùn? Ilé ayé kò ní le mọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣì ọ̀nà ibi tí oore wà. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ wa bí méjì, òrùlé ilé ìdáná sì ti dẹ́kun jíjò. Kì í ṣe pé a tún un ṣe o, òjò ni kò rọ̀.

Fóònù tó o fi rán awakọ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. O ní tí mo bá ti tan án, kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí, pé màá rí ojú ọmọ-ọmọ mi bí ẹni pé ó jókòó tì mí. Ọmọ mi, n kò tẹ̀ ẹ́. Má bínú, jẹ́ kí n ro tẹnu mi.

O mọ̀ pé mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà nírọ̀lẹ́. Tíṣà wa ń kọ́ wa nípa àwọn ọba ńlá, àwọn tí ìlú tiwọn nìkan kò tó wọn, àfi kí wọ́n jọba lórí àwọn ọba mìíràn. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sára pátákó: àdéhùn, ajẹ́lẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀, ìkéde, ìtẹríba àti ọ̀tẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ní ọjọ́ Jímọ̀ gbọ́dọ̀ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wá lórí wọn, kó sì jẹ́ láti inú ilé ara rẹ̀, kì í ṣe látinú ìwé. Ó ṣàlàyé pé ọba ńlá kì í kọ́kọ́ mú idà wá. Ìwé àdéhùn ló máa ń fi ṣáájú, ìwé gígùn, ọ̀rọ̀ dídùn, á ní kí olórí ìlú tẹ ìka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ìlú tó kà á tán, ajẹ́lẹ̀ ti wọlé, ìyẹn ẹni tí ọba ńlá fi ń ṣọ́ wọn, tó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn fún un.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo délé tí mo tan fóònù rẹ. Kí ni mo rí? Ìwé gígùn, ọ̀rọ̀ dídùn, wọ́n ní kí n tẹ ìka sí ìsàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ máa mọ ibi tí mo bá lọ, kí wọ́n máa wo àwòrán mi, kí wọ́n sì mọ orúkọ gbogbo ojúlùmọ̀ mi. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ajẹ́lẹ̀? Wọ́n tún ní àwọn lè yí àdéhùn náà padà nígbà tó bá wu àwọn. Mo ní ó tì o. Bàbá mi kò tẹríba fún ẹnikẹ́ni, n kò ní ti ìdí fóònù bẹ̀rẹ̀.

Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sẹ́yìn ìkòkò ńlá nílé ìdáná, kó jẹ́ pé ariwo abọ́ nìkan ni yóò máa rí rò fún ọ̀gá rẹ̀. Ó ń dún kín-ín, kín-ín, ìkéde lórí ìkéde, pé iná òun fẹ́ tán. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ìṣákọ́lẹ̀ ló ń bèèrè yẹn, kí ẹnikẹ́ni má san án. Nígbà tó yá, kò dún mọ́. Mo rò pé ebi ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Káfíńtà tó kọjú sílé wa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti tẹ tòun, kò sì sẹ́ni tó kó òun lẹ́rú. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti gbójú kúrò lára rẹ̀ gbẹ̀yìn. Fóònù ló tẹjú mọ́.

Kò pẹ́ tí mo fi ní gbólóhùn márùn-ún. Ọ̀tẹ̀ nìkan ló kù, nítorí nílé tèmi, ohun tí mo bá ti sọ, abẹ gé e. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wúkọ́ díẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ó ń dùn mí. Ọmọ oṣù márùn-ún ni ọmọ-ọmọ mi. Tó bá dàgbà tó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi wo òun, ṣé kí n ní àdéhùn ló gùn ni? Ojú ewé mọ́kànlélógójì ni mo kà á sí, mo sì ti ka mẹ́rìndínlógún kí n tó wé e láṣọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a ń jẹun, mo ní ta tiẹ̀ ni ọmọ yìí jọ. Ìyá rẹ kò gbórí sókè, ó ní imú mi gan-an ló gbé, eyín rẹ̀ kejì sì yọ ní ọjọ́ Ajé. Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. Mo bi í pé ta ló sọ fún un. Ó rọra nu ẹnu, ó ní, "Olówó orí mi, láti ọjọ́ kejì ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbé e wá bá mi nílé ìdáná."

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ló ti ń gba iná sí i. Ìwọ náà ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, o sì dákẹ́. Gbogbo yín pátá.

Ó pe ilé yín, ó sì gbé fóònù náà síwájú mi. Ìwọ ti lọ síbi iṣẹ́, ọkọ rẹ ló gbé ọmọ dání. Ọmọ náà wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, eyín méjèèjì yọ. Ló bá na ọwọ́ sí imú mi, ìka rẹ̀ ba nǹkan kan lójú fóònù tiyín, ìpè sì já. Òun náà ti tẹ̀ ẹ́, kò ka ojú ewé kankan. Èmi nìkan ló kù tó jókòó síbẹ̀, tí mo ń nu ojú, tí mo ń sọ pé èéfín ni.

Lánàá ọjọ́ Jímọ̀, tíṣà ní kí n mú gbólóhùn ọ̀tẹ̀ wá. Mo ní: "Ẹ̀yìn ìkòkò ni wọ́n ti di ọ̀tẹ̀ mọ́ mi, inú ìkòkò yẹn náà ni mo sì ti ń jẹun." Kíláàsì pàtẹ́wọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí mi.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Ìyá rẹ ní owó dátà ni, èmi ń pè é ní ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó kéré, nítorí ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ máa rí ọmọ yẹn. Fi owó dígí tí màá fi gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ kún un. Tó o bá fẹ́ dáhùn, lẹ́tà ni kó o kọ, torí ajẹ́lẹ̀ ń gbọ́.

Ọmọ tó o gbé pọ̀n yóò gbé ọ ga. O kò ní sin ẹni tí kò tó ọ, ilé rẹ kò sì ní tú.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ìka rẹ̀ kò tíì kan ibẹ̀.