Bàbá Théophile Ìlọ̀rí, Ẹni Tó Ń Ka Ìtẹ́ Ẹyẹ Odò Ọpàrà

A bí Olóògbé Théophile Ìlọ̀rí ní Boni, nílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ní ọdún 1924, sínú ilé Bàbá Àbíbù Ìlọ̀rí, àgbẹ̀ oníṣu, àti Màmá Adjara. Àwọn fádà ló kọ́ Olóògbé níwèé títí wọ́n fi gba sẹtífíkà ní 1938.

Ní 1948, wọ́n gbé Màmá Rosalie, ọmọ àdúgbò Plateau ní Ṣábẹ̀ẹ́, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ọkọ̀ títù àti ẹja pípa lórí Odò Ọpàrà ni wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ wọn. Nígbà òjò, wọ́n máa ń ka ìtẹ́ lékeléke àti ti àwọn ẹyẹ dúdú tí ń mòòkùn mú ẹja, wọ́n á sì kọ iye wọn sínú ìwé. Wọ́n ní ibi tí ẹyẹ bá kọ́lé sí ni ẹja wà. Ní 1975, ìtẹ́ igba ó lé mọ́kànlá ni wọ́n kà.

Ní 1976, ìjọba pín oògùn kòkòrò òwú fún àgbẹ̀. Àwọn kan láàárín wa, tí wọ́n jókòó síbi ìsìnkú yìí lónìí, ń dà á sódò kí ẹja lè tètè léfòó. Ẹja léfòó. Ẹyẹ jẹ ẹ́, ó kú. A ra ìyókù, a sè é.

Ní 1979, ìtẹ́ ku mẹ́sàn-án. Bàbá gbé apẹ̀rẹ̀ òkú ẹyẹ lọ sí bùró ìjọba ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní: “Kamaráàdì Ìlọ̀rí, ẹ gbé ẹyẹ yín lọ. Òwú ni ìjọba ń fẹ́.” Bàbá kò lọ. Wọ́n ti Bàbá mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní ọ̀tá Ìyípadà tí ìjọba Benin ń ṣe nígbà náà ni wọ́n. Ojú ti àwa ọmọ. A bẹ Bàbá kí wọ́n panu mọ́. A kábàámọ̀ ẹ̀bẹ̀ yẹn títí dòní.

Ní 1981, ọmọ ọdún mẹ́rin, Germaine, ọmọ Marcel tí Bàbá bí, jẹ ẹja odò náà, ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Àdúgbò ní àjẹ́ ni, wọ́n ń nàka sí Màmá Rosalie. Ẹnu wọn kò ní ìjánu! Bàbá ka iye ìtẹ́ inú ìwé wọn, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, sétí ìpàdé ìlú, ìpàdé sì fòfin de oògùn lódò. Bàbá fúnra wọn ló ń ṣọ́ odò títí agbára fi tán.

Wọ́n dágbére fáyé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 1986. Wọ́n fi Màmá Rosalie sílẹ̀, àti Marcel, Suzanne, Fọláṣadé, pẹ̀lú ọmọ ọmọ mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kejì tí Bàbá kú, ẹnì kan tún da oògùn sódò kó lè rí ẹja gbé wá fún ìsìnkú yìí. Apẹ̀rẹ̀ méjì ló gbé wá, ó sì ń retí ọpẹ́. A ti ri ẹja náà mọ́lẹ̀. Ẹ̀wà la sè fún yín. Ẹni náà mọ ara rẹ̀. Kó má bá wa dé ibojì.

Bàbá, ẹ máa sùn jẹ́ẹ́ lọ́dọ̀ Olúwa. Oorun kò tíì kan àwa tó kù láti ṣọ́ odò.