Ìdúpẹ́ Ọkọ̀ Tó Rì

Sọ́ńdè, oṣù kọkànlá, 1988. Òkókómáìkò.

Ọ̀rọ̀ òní rí mi lára. Alágbà tí ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ rì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìyànà Ìbà, torí èmi tí mo jẹ́ lọ́yà ẹ̀ bá a rojọ́ ní kóòtù, ó sì jàre, ìnṣọ́ránsì sì sanwó ọkọ̀ fún un.

Ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, mi ò pàdánù nǹkan kan!" Gbogbo ìjọ ké halelúyà.

Nǹkan kan kẹ̀? Bàbá Ṣadé, kúùkù inú ọkọ̀ náà ńkọ́, tí wọn ò rí òkú ẹ̀ títí dòní?

Ìyàwó Bàbá Ṣadé wà lẹ́yìn nínú sùtánà ẹ̀. Mo rò pé á bínú jáde ni. Ó jó wá bá mi.

"Lọ́yà, ẹ ṣé gan-an. Wọ́n ní ẹ ti bá wa jàre. Ìgbà wo ni kí n wá gba owó ti Bàbá Ṣadé?"

Mo wo Alágbà, torí owó ọkọ̀ nìkan la bèèrè ní kóòtù. Ó ṣì ń jó.